OMI TÚTÙ ÀBÍ OMI GBÍGBÓNÁ: ÈWO LÓ YẸ FÚN ỌWỌ́ ÀTI ÀLÙWÀLÁ?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fi omi ṣe ìmọ́tótó fún wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, ìbéèrè kan kì í wọ́n lẹ́yìn sààrì: "Alfa, bí mo bá gbé omi kaná, ṣé lààdá àlùwàlá mi kò ní dínkù?" Àwọn mìíràn tún ń sọ pé omi gbígbóná nìkan ló ń mú ọwọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì wò.

Èkínní: nínú Súrátúl Máídà, ẹsẹ 6, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé ká fọ ojú, ká fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ká fi omi pa orí, ká sì fọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀. Kò ní kí omi tutù, kò ní kó gbóná. Kó ṣáà ti mọ́. Wọ́n gbà á wá pé wọ́n máa ń gbé omi kaná fún Sayyidina Umar. Òótọ́ ni pé hádíìsì wà, tí Imam Muslim gbà wá, pé ṣíṣe àlùwàlá pé nígbà ìnira wà lára ohun tí Ọlọ́hun fi ń pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ìnira bá ló ń bá wí. Kò ní ká máa wá ìnira kiri.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi omi ọyẹ́ dán ìyá àgbà tí eegun ń ro wò. Ẹ gbé omi kaná dè wọ́n. Lààdá tiyín náà wà níbẹ̀.

Èkejì: ọ̀rọ̀ kòkòrò àìsàn. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nínú omi tútù àti èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n rí i pé bákan náà ni wọ́n ṣiṣẹ́. Omi tó bá gbóná débi tí yóò pa kòkòrò, ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ bó. Ọṣẹ àti fífi ọwọ́ ra ọwọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 ló ń ṣí ìdọ̀tí kúrò.

Ẹ sì wò ó: nínú Mazhab Imam Malik tí à ń tẹ̀lé, fífi ọwọ́ ra oríkèé wà lára ọ̀ranyàn àlùwàlá. Ká ti ìka bọ àárín ìka ọwọ́ náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó kàn da omi gbígbóná lé ọwọ́, tí kò ra á, kò tíì ṣe nǹkan kan. Àwọn onímímọ̀ wa sì kórìíra omi tó gbóná jù tàbí tó tutù jù, torí kì í jẹ́ kéèyàn lè fara balẹ̀ ṣe é pé.

Bí ẹ bá jí, ẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó tì í bọ inú omi, bí Ànábì ti kọ́ wa. Bí òróró ọbẹ̀ sààrì bá lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ fi ọṣẹ ṣí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá. Bí kẹrosíìnì bá tán, ẹ má torí omi gbígbóná pàdánù àkókò àsùbáà. Aláìsàn tó bá bẹ̀rù pé omi lè pa òun lára, tí kò sì rí èyí tí yóò gbé kaná, àyè táyámọ́mù wà fún un.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ àti ìrun wa. Àmín.