Ẹ Dán Kàlẹ́ńdà Fóònù Yín Wò Kí Ẹ Tó Gbẹ́kẹ̀ Lé E

Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ti ń fi kàlẹ́ńdà inú fóònù pín ọjọ́ ìpàdé àti ọjọ́ tí katakata máa wá tulẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù akọ̀wé lè jẹ́ ti kọ́ńpìnnì kan, kí tiyín jẹ́ ti òmíràn. Bí méjèèjì ò bá gbọ́ra wọn yé, katakata á dé, ẹ ò ní sí lóko, òjò ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

KÍ LÓ Ń FÀ Á?

Ọ̀rọ̀ náà dà bíi kóńgò. Bí ti ọjà kan bá tóbi ju ti èkejì lọ, ìjà ò ní tán, àfi ká fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n kan. Lọ́dún 1998, wọ́n gbé ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ iCalendar, tó sọ bí kàlẹ́ńdà ṣe máa kọ ọjọ́ àti aago ránṣẹ́ síra wọn. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2009. Ṣùgbọ́n ìlànà nìkan ò tó. Oníkálukú ló ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yé e. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ CalConnect sílẹ̀ lọ́dún 2004. Àwọn tó ń ṣe kàlẹ́ńdà, tí wọ́n ń bára wọn díje lọ́jà, á kóra jọ, wọ́n á fi ìpàdé ránṣẹ́ síra wọn. Ibi tí kò bá ti bára mu, wọ́n á lọ tún un ṣe.

BÍ Ẹ̀YIN NÁÀ ṢE LÈ DÁN AN WÒ

Ẹ mú fóònù méjì tí kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì kan náà, kí dátà wà lórí méjèèjì. Ẹ fi ìpàdé kan ránṣẹ́ láti orí ọ̀kan sí èkejì, kí ẹ wá wo nǹkan mẹ́rin yìí:

1. Aago. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC. Bí ẹ bá kọ aago 9 àárọ̀, tí èkejì gbé aago 8 jáde, ọ̀kan nínú wọn ò mọ̀ pé Nàìjíríà lòun wà. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣètò aago, kí ẹ yan Lagos.

2. Ọjọ́. Lọ́dọ̀ wa, 3/4 ni ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Ẹ máa kọ orúkọ oṣù.

3. Ọjọ́ ọjà. Bí a bá ná ọjà ọrọọrún lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Fúráìdè la tún máa ná an. Àwa ka Mọ́ńdè mọ́ ọn, ó di márùn-ún. Fóònù kì í ka ọjọ́ àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ ní kó máa rán yín létí ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ẹ bá tẹ márùn-ún, Sátidé lẹ máa gbẹ́rù dé, ọjà á ti tú. Ẹ ka ọjà mẹ́ta síwájú lórí fóònù méjèèjì, kí ẹ rí i pé wọ́n bára mu.

4. Àyípadà. Ẹ sún ìpàdé náà síwájú, lẹ́yìn náà kí ẹ fagi lé e. Ṣé fóònù kejì mọ̀? Bí kò bá mọ̀, ẹ máa pe ara yín nígbàkúgbà tí nǹkan bá yí padà.

Ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Bí ẹnìkan bá ra fóònù tuntun, ẹ tún un dán wò. Títí ìdánwò á fi yege, ẹ má ṣe yọ kàlẹ́ńdà ara ògiri kúrò o. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ mú fóònù méjèèjì tọ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àgbègbè yín lọ.