Adìẹ Tó Ń Ṣàìsàn Kì Í Ṣe Ọjà Títà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé wa rí nígbà ọyẹ́ tó kọjá, nígbà tí àìsàn kọlu Àbẹ̀kẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ń pe adìẹ lórúkọ. Àwọn ọmọ mi ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ni ó fi í ta wọ́n lọ́rẹ nígbà tí ó wà ní òròmọ, bí wọ́n bá sì ti ti ilé-ìwé dé, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti sáré pàdé wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i tí ó dúró gbagidi ní ìdí ìkòkò omi, tí ó ju ìyẹ́ apá sílẹ̀. Kò fẹnu kan àgbàdo. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàn bí omi, ó sì ní àwọ̀ ewé.

Ìyá kan tí a jọ ń gbé àdúgbò, tí ó ń tajà ní Kútọ̀, wò ó, ó ní: “Tíṣà, kí ni ẹ tún ń wò? Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e lọ sọ́jà kí ó tó kú. Owó díẹ̀ sàn ju òfò lọ.”

Àánú mi ni ó ń ṣe é. N kò sì ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé: ìparí oṣù ṣì jìnnà, mo sì ti so adìẹ náà lẹ́sẹ̀ nígbà tí àkọ́bí mi bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ ó sọ fún ẹni tó bá rà á pé ara rẹ̀ kò yá?” Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òtítọ́ kò rí èsì fọ̀. Mo tú okùn náà.

Mo wá tọ dókítà ẹranko kan lọ. Bí mo ti ń ròyìn fún un, ó ní ó jọ lúkúlúkú. Ní ọdún 1926 ni a kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn yìí ní erékùṣù Java àti ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn òyìnbó fi ń pè é lórúkọ títí di òní. Ní nǹkan bí ọdún 1952 sí 1953 ni wọ́n rí i dájú ní Ìbàdàn. Kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á, kò sì sí oògùn tí ń pa á lára adìẹ. Kápúsù tí a ń tú sínú omi adìẹ kò lè ṣẹ́gun rẹ̀.

Itọ́, ìgbẹ́, àgò, bàtà àti ọwọ́ wa ni ó ń gbé e kiri. Ẹ wá rò ó wò: bí mo bá ti gbé Àbẹ̀kẹ́ sínú àgò kan náà pẹ̀lú ogún adìẹ ní Kútọ̀, ilé mélòó ni àrùn náà ìbá bá àwọn oníbàárà délé?

Ohun tó yẹ ni pé kí a ya èyí tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ tútù kò ti ní fẹ́ lù ú, kí a gbé omi mímọ́ sí i nítòsí. Àwọn tí ara wọn le ni kí a kọ́kọ́ bọ́, kí a tó kàn án, kí a sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kí a má pa á jẹ. Àrùn mìíràn wà tí ó jọ ọ́, èyí tí ń ran ènìyàn: àrùn afẹ́fẹ́ ẹyẹ tí ó wọ Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní ọdún 2006, tí ó sì pa obìnrin kan ní Èkó ní ọdún 2007. Bí adìẹ púpọ̀ bá ń kú lójijì, ẹ fi tó àwọn dókítà ẹranko ìjọba létí.

Ní ọjọ́ kẹta, ọrùn Àbẹ̀kẹ́ lọ́ sẹ́yìn, ó sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. A gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀, a sì sin ín kí ajá má baà hú u. Àwọn ọmọ sunkún, n kò sì dá wọn lẹ́kun.

Àìsàn ni a lè wò, a kò rí ẹni wo ikú; ṣùgbọ́n a lè dènà àìsàn kí ó tó dé. Oògùn àjẹsára lúkúlúkú wà, wọ́n ń ṣe é ní Vom lẹ́bàá Jos. Irú èyí tó yẹ adìẹ ìbílẹ̀, ẹ̀kán kan péré ni a ń kán sí ojú adìẹ, a sì ń tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Adìẹ tí ara rẹ̀ yá ni ó wà fún. Kì í wo èyí tó ti dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àlàbàtà. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

A ti ní òròmọ tuntun báyìí. Ní ọjọ́ tí a kán oògùn sí wọn lójú, ìyá oníṣòwò yẹn náà gbé adìẹ mẹ́fà tirẹ̀ wá. Ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi kán an sí tèmi náà.”