Ìwọ̀n Ẹ́ńjìnnì àti Ipò Alùpùpù Lábẹ́ Òfin Èkó

Lẹ́tà cc tí a ń kọ tẹ̀lé nọ́ńbà lára alùpùpù ń tọ́ka sí ìwọ̀n àyè inú sìlíńdà ẹ́ńjìnnì rẹ̀, níbi tí písítìn ti ń lọ sókè sódò. Bí àyè náà bá ṣe fẹ̀ tó ni atẹ́gùn àti epo tí ó ń jó lẹ́ẹ̀kan ṣe ń pọ̀ tó. Kì í ṣe ìwọ̀n eré sísá, bí ọ̀pọ̀ ti rò: alùpùpù 125cc tí ó fúyẹ́ lè sáré ju 150cc tí a di ẹrù lé.

Ní Èkó, nọ́ńbà yìí di ọ̀rọ̀ òfin ní 2012, nígbà tí Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lu Òfin Ìrìnnà Ojú Pópó. Òfin náà lé alùpùpù kúrò ní òpópónà 475, ṣùgbọ́n ó yọ ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tó 200cc. Ọ̀pọ̀ ọkadà kò sì ju 100cc sí 150cc lọ. Skúta Vespa 150cc pẹ̀lú kò dé ààlà náà.

Àríyànjiyàn dé nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí èrò ń fi fóònù pe ọkadà wọn sọ pé ti àwọn tó 200cc. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020, ìjọba fòfin de ọkadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ó sì kan àwọn náà. Èrò ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe ẹrù. Cc nìkan kò tó láti gbà wọ́n sílẹ̀. Gokada yíjú sí ẹrù gbígbé lẹ́yìn náà. Ẹ́ńjìnnì kò yí padà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn awakọ̀ ni ó yí padà.