Femi Fashakin

Femi Fashakin jẹ́ ọ̀tayò póká ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Big 50, ọ̀kan lára àwọn ìdíje World Series of Poker (WSOP) ti ọdún 2019 ní ìlú Las Vegas. Ìwọlé 28,371 ni a kà nínú ìdíje náà, èyí sì sọ ọ́ di ìdíje póká ojúkojú tí ó tóbi jù lọ títí di àkókò náà. Fashakin gba dọ́là 1,147,449 àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí í ṣe àmì-ẹ̀yẹ WSOP.

Ìdíje Big 50

Ọdún 1970 ni WSOP bẹ̀rẹ̀ ní Horseshoe, ilé tẹ́tẹ́ Benny Binion ní Las Vegas. Láti sàmì ìgbà àádọ́ta rẹ̀, àwọn olùṣètò gbé Big 50 kalẹ̀ ní ilé ìtura Rio. Dọ́là 500 ni owó ìwọlé, bẹ́ẹ̀ dọ́là 10,000 ni ti ìdíje àgbà WSOP.

Gbogbo owó ìwọlé àkọ́kọ́ ni ó bọ́ sínú àpò ẹ̀bùn. Ẹni tí ó bá já lè san 500 mìíràn kí ó padà wọlé, ṣùgbọ́n nínú èyí, 435 ni ó ń lọ sínú àpò. Ìdí nìyí tí ènìyàn 17,970 fi ní ìwọlé 28,371, tí àpò ẹ̀bùn sì pé dọ́là 13,509,435. Colossus ti ọdún 2015, tí ó ní ìwọlé 22,374, ni ó wà ní ipò náà tẹ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń ta á

Oríṣi póká tí a ń pè ní Texas Hold'em ni wọ́n ta. Ọ̀tayò kọ̀ọ̀kan gba káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò rí; a ó sì ṣí márùn-ún sórí tábìlì fún gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá rí káàdì márùn-ún tí ó lágbára jù lọ tò jọ nínú méje ni ó jẹ, àyàfi bí àwọn yòókù bá ti ju káàdì sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí káàdì rẹ̀ kò dára lè dá owó ńlá láti dẹ́rù ba alátakò.

Nínú ìdíje, ike ni wọ́n fi ń ta, kò sì ṣeé pààrọ̀ sí owó. Ike 50,000 ni ìwọlé kọ̀ọ̀kan gbà ní Big 50. Ẹni tí tirẹ̀ bá tán ti já. Iye tí a ń dá ní dandan a máa pọ̀ sí i lóòrèkóòrè, nítorí náà ẹni tí ó bá kàn jókòó de káàdì rere yóò tán díẹ̀díẹ̀. Ní ìparí, gbogbo ike 1,418,550,000 wà níwájú Fashakin.

Bí a ṣe ń ka owó ọ̀tayò

Owó tí ọ̀tayò gbà ni àkọsílẹ̀ póká máa ń fi hàn. Kì í yọ owó tí ó ná kúrò. Bí ènìyàn bá wọ ogún ìdíje ní dọ́là 500, ó ti san 10,000. Bí ó bá gba 6,000 nínú ọ̀kan, tí kò rí nǹkan kan nínú ìyókù, 6,000 ni àkọsílẹ̀ yóò gbé jáde, bẹ́ẹ̀ ó ti pàdánù 4,000. Owó orí, owó ọkọ̀ àti ti ilé ìtura tún wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀tayò mìíràn a sì máa ta ìpín èrè wọn fún àwọn tí ó bá wọn san owó ìwọlé.

Ẹ̀bùn Fashakin jẹ́ nǹkan bí ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún àpò náà, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó wọlé kò gba nǹkan kan. Nínú ìdíje kan ṣoṣo, oríire lè bo ọgbọ́n mọ́lẹ̀. Inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdíje ni ìyàtọ̀ láàárín ọ̀jáfáfá àti aláìmọ̀kan ti ń hàn. Nítorí náà, a kò lè fi ẹ̀bùn olúborí kan ṣoṣo díwọ̀n ohun tí póká ń mú wọlé fún àwọn tí ó fi ṣe iṣẹ́.