Ìtọ́jú Búrọ́ọ̀ṣì Ìfọyín

Kò sí ìyàwó ilé tí yóò fi àkísà ẹlẹ́gbin nu àwo kí ó tó bu oúnjẹ sí i. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́gbin fọ eyín ní àràárọ̀, tí a sì ń rò pé a ti ṣe ìmọ́tótó. Ohun tí a fi ń fọ nǹkan ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fọ̀.

Àwọn baba wa kò ní irú ìyọnu yìí. Orín ni wọ́n ń run: orín àtà, àyìn, pákò Ìjẹ̀bú, tàbí igi ewúro. Nígbà tí ẹnu orín bá ti rún tán, wọn a fi ọ̀bẹ gé e nù, wọn a sì run ibi tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni orín ń di ọ̀tun lójoojúmọ́. Búrọ́ọ̀ṣì kò rí bẹ́ẹ̀. Irun tí a fi fọ eyín lónìí náà ni a ó fi fọ̀ ọ́ lọ́la àti ní oṣù tí ń bọ̀. Nítorí náà, ohun tí ọ̀bẹ ń ṣe fún orín, àwa ni a gbọdọ̀ wá bí a ó ti ṣe é fún búrọ́ọ̀ṣì.

Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀ rí, a sì máa fa omi mu, kì í tètè gbẹ. Ní ọdún 1938 ni búrọ́ọ̀ṣì onírun náílọ́ọ̀nù kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Eléyìí ń yára gbẹ ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n bí a kò bá jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, èrè rẹ̀ ti sọnù.

Ẹnu ènìyàn kún fún kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí. Bí a ti ń fọ eyín, díẹ̀ nínú wọn ń wọ inú irun búrọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú èérún oúnjẹ. Bí ibẹ̀ bá tutù, wọn a máa pọ̀ sí i. Bí ó bá gbẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn a kú. Kòkòrò ẹnu ẹni fúnra ẹni kì í sábà pa ẹni tí ara rẹ̀ le lára. Ti ẹlòmíràn ni kí a bẹ̀rù.

Mo wọ ilé kan rí, mo bá ọmọ mẹ́rin tí wọ́n ń gba búrọ́ọ̀ṣì kan lọ́wọ́ ara wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo bá ìyá wọn sọ ọ́, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ̀jẹ̀ kan náà kọ́ ni gbogbo wọn ni?” Mo dá a lóhùn pé, “Ìyá, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ gan-an ni mo ń sọ.”

Èrìgì a máa ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá ń fọ eyín, ẹ̀jẹ̀ náà sì lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní rí i. Àrùn ẹ̀dọ̀ kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hepatitis B. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé. Bí ẹ̀jẹ̀ náà tilẹ̀ gbẹ mọ́ ara nǹkan, àrùn yìí lè wà láàyè níbẹ̀ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní i ni kò mọ̀, nítorí kò dùn wọ́n. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tàbí kí ó di jẹjẹrẹ. Kì í bá oúnjẹ wọlé. Ọmọ ìyá lè jùmọ̀ jẹun nínú àwo kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe jùmọ̀ lo búrọ́ọ̀ṣì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un. Ẹ rí i pé àwọn ọmọ yín gbà á.

Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, ìyá náà ra búrọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, ó sì so òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ̀nyí ni ohun tí ó yẹ kí a máa ṣe:

Èkínní, kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, kí ó sì ní àmì.

Èkejì, lẹ́yìn tí a bá fọ eyín tán, kí a da omi mímọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì títí èérún àti ọṣẹ yóò fi tán lára rẹ̀, kí a sì gbọn omi rẹ̀ nù. Kí a má ṣe tì í bọ inú igbá omi tí gbogbo ilé ń lò. Kí a má ṣe sè é pẹ̀lú, nítorí omi tí ń hó a máa ba irun rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí a gbé e dúró nínú ife, kí orí rẹ̀ wà lókè, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Kí orí méjì má ṣe kan ara wọn. Kí a má ṣe dé e mọ́ inú agolo ní tútù, kí a má ṣe fi há ihò ògiri níbi tí aáyán ń gbé, kí ó sì jìnnà sí ṣálángá.

Ẹ̀kẹrin, kí ọjọ́ orí rẹ̀ má ṣe ju ti àgbàdo lọ. Láti ìgbà tí a bá gbin àgbàdo títí yóò fi gbó, nǹkan bí oṣù 3 sí 4 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti búrọ́ọ̀ṣì. Bí irun rẹ̀ bá ti tẹ̀ kí ó tó dìgbà náà, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní ògbólógbòó búrọ́ọ̀ṣì àgbà. Ẹ fi í fọ bàtà.

Ẹni tí ó ṣì ń run orín kò ṣe àṣìṣe. Òfin kan náà ni kí ó pa mọ́: kí ó run tirẹ̀ nìkan, kí ó gé ẹnu rẹ̀ nù lójoojúmọ́, kí ó sì fi í sí ibi tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ.