Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀ka Wo Ni Kí Ọmọ Wa Kọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC ń wí pé, “Informatique ni mo fẹ́ kọ́.” Ó dára. Ṣùgbọ́n kí bàbá tó ta ilẹ̀, kí ìyá tó kó owó èsúsú rẹ̀ jọ, ẹ jẹ́ kí a bi ọmọ léèrè: iṣẹ́ wo gan-an nínú informatique?

Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ń kọ ètò tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, génie logiciel ni tirẹ̀. Ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ kí olè má bàa wọ inú rẹ̀, sécurité informatique ni tirẹ̀. IFRI ní Yunifásítì Abomey-Calavi ń kọ́ni ní méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ bójú tó owó àti ọjà ilé iṣẹ́, kí ó béèrè informatique de gestion ní ENEAM, Kútọnu. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò lè wo IMSP ní Dangbo, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1988.

Ọdún 3 ni Licence, Master sì jẹ́ ọdún 2 sí i. Bí owó kò bá tó, ọmọ lè gba Licence, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó sì padà wá kà á sí i.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó sanwó:

1. Ǹjẹ́ Ìjọba gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀ka yìí gan-an? Wọ́n lè gba ti ẹ̀ka kan, kí wọ́n má gba ti èkejì nínú ilé ẹ̀kọ́ kan náà.
2. Wákàtí mélòó ni ọmọ ń lò nídìí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀?
3. Níbo ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń ṣe stage?

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má sá fún ìṣirò. Ẹ̀rọ tó lòde lónìí yóò di ti àtijọ́ láìpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìṣirò, tó sì mọ bí a ṣe ń to èrò lẹ́sẹẹsẹ, yóò tètè kọ́ ti tuntun. Ẹ kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì náà, nítorí òun ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ yìí.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ wá ẹni tó ti jáde ní ẹ̀ka náà, kí ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe lónìí, kí ẹ tó mú owó jáde.