Ìwé Ìlàlóye fún Òbí Ọmọ SS: Nígbà tí Ẹ̀dọ̀ àti Ọlọ Inú Bá Ń Ṣe Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin òbí wa, inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, ọlọ inú a sì máa ràn án lọ́wọ́. Kí wọ́n tó bí i ni eegun ti máa ń gba iṣẹ́ náà.

Bí agbára eegun kò bá wá ká a mọ́, ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú lè padà sẹ́nu iṣẹ́ àtijọ́ yìí. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn sẹ́ẹ̀lì dòjé. Ìdí ni pé sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AA, tí kò ní àrùn yìí, ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Mùdùnmúdùn á máa gbòòrò kó lè bá a, ìdí nìyẹn tí iwájú orí àwọn ọmọ kan fi ń yọ. Kì í ṣe àmì àbíkú, kò sì sí ẹ̀bi ìyá níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ṣíṣe nìkan kọ́ ló ń mú ọlọ inú wú o. Ibà ń fà á. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bíi dòjé náà lè há síbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì ya lọ sínú rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Èyí ló ń yára pa ọmọ. Ní Jàmáíkà, wọ́n kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wá ọlọ inú, ikú irú èyí sì dín kù gan-an. Ẹ̀yin náà lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fẹ̀yìn lélẹ̀, kó ká orúnkún. Ẹ fi ìka lé ikùn rẹ̀ lápá òsì, nísàlẹ̀ ìdodo, kí ẹ rọra máa gbé e lọ sókè títí dé abẹ́ ìhà. Bó bá ti ń mí sínú, ẹ lè rí ohun kan tó le díẹ̀ tó kan yín níka: ọlọ inú nìyẹn. Ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí ìhà tó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójijì, tí àtẹ́lẹwọ́ àti ètè ọmọ funfun, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wọ́ ikùn náà, ẹ má sì sín gbẹ́rẹ́ sí i: ọlọ inú tó wú lè bẹ́. Ẹ má ra oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú láìṣe àyẹ̀wò; folic acid ni kó máa lò.

Nínú àgbàlagbà tó jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ ṣíṣe níta eegun lè di kókó lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ó lè tẹ iṣan ibẹ̀, kí ẹsẹ̀ máa kú tàbí kí ìtọ̀ máa dá jáde. Ẹni tó bá rí èyí kó tètè lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀jẹ̀ gbígbà, hydroxyurea tàbí ìtọ́jú onítànṣán lè mú un sún kì.